Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ àṣàlátù wa ní Kubwa: ojú ni wọ́n torí rẹ̀ ní ká máa kágò

Ẹ̀yin Alága wa, ẹ̀yin Ààfáà wa àgbà, Ìyá Àdínnì, Akọ̀wé, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ àṣàlátù wa ní Kubwa, Abuja,

As-salamu alaykum wa rahmatullahi wa barakatuh.

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Èmi ni arábìnrin yín tí ẹ fi àpò sàká lé lọ́wọ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tí mo ṣèèṣì tú àṣírí ìyá kan síta ní ìpàdé wa lórí Zoom, ẹ sì ti dárí jì mí. Ẹ ní àṣìṣe ni, ẹ ní kí n má sunkún mọ́. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún ṣèpàdé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà la tún ń ṣe é. Arákùnrin kan pín ojú fóònù tirẹ̀ fún gbogbo wa, alẹ́ẹ̀tì báńkì bọ́ sílẹ̀ láti òkè, a rí iye tó wọlé àti iye tó ṣẹ́kù sí i lápò, àwọn kan rẹ́rìn-ín, ìpàdé sì ń lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé kálàmù.

Mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín ní kọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ síta nítorí pé kì í ṣe àwa nìkan la ń ṣèpàdé lórí fóònù. Láti Gwarinpa dé Lugbe, láti Nyanya dé Gwagwalada, àwọn ará wa ń ṣe wáàsí, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní kéú, wọ́n ń ṣèṣirò owó, lórí Zoom àti WhatsApp. Ohun tó bá mi lè bá ẹnikẹ́ni nínú wọn lálẹ́ òní.

Ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Mo lọ bá a nílé, mo ka ohun tí mo fẹ́ kọ sí i létí. Ó ní kí n yọ orúkọ òun, iṣẹ́ òun àti àdúgbò òun kúrò. Mo yọ wọ́n. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n yọ iye ọmọ òun náà. Mo yọ ìyẹn. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tó sì mọ̀ ọ́n, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kí orúkọ náà kú sí i níkùn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. A ti kírun ìṣáì tán. Ènìyàn 112 ló wà lórí Zoom. Alága ní kí n ka ìṣirò àpò sàká, mo sì rò ó pé kí n má kàn máa kà á, kí gbogbo wa jọ wò ó, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fi nǹkan kan pamọ́. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti kú, ni mo bá fi fóònù ṣe é. Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń pín ojú fóònù, mo ṣí ìwé ìṣirò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù.

Ìgbà náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kan yọ lókè. Orúkọ ìyá náà ló kọ́kọ́ hàn, ọ̀rọ̀ sì tẹ̀ lé e: “Alhaja mi, ẹ dákun, onílé ti fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn wa.” Àyà mi já. Mo fẹ́ fi ìka gbá a kúrò kíákíá, ìka mi sì tẹ̀ ẹ́. Dípò kó lọ, ó ṣí. Gbogbo ohun tí èmi àti ìyá náà ti ń bá ara wa sọ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló hàn gedegbe: àwòrán rẹ̀ lókè, ìwé ọsibítù kan tó yà ránṣẹ́ sí mi, nọ́ńbà ákáǹtì rẹ̀, àti ibi tó ti kọ ọ́ pé òun kò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń dá a dúró mọ́. Bóyá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni. Ẹnì kan ṣí ohùn rẹ̀, ó ní “Há! Ṣé kì í ṣe ìyá yẹn nìyẹn?”, ó sì dárúkọ rẹ̀ pátápátá.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwòrán ojú fóònù mi ti wọ WhatsApp ẹgbẹ́ mẹ́ta. Èyí tó dùn mí jù ni pé àdúrà ni wọ́n fi ń pín in. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé kí á ran arábìnrin wa lọ́wọ́, kí Ọlọ́hun bò ó láṣìírí, nọ́ńbà ákáǹtì rẹ̀ sì wà nínú àwòrán kan náà. Owó wọlé o. Àwọn tó fi ránṣẹ́, kí Ọlọ́hun san án fún wọn, inú kan ni wọ́n fi ṣe é. Onílé ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò wá sí àṣàlátù mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí mo lọ bá a, kò bínú sí mi, ó gbé omi fún mi, ó ní àwọn ẹbí ọkọ òun ti gbọ́ ọ nílé kí òun tó rí ẹnu sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún, Alhaja.”

Ẹ̀yin Ààfáà wa, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní áyà 273 nínú Súrà Al-Baqarah, nípa àwọn aláìní tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n máa ń rò pé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n, nítorí pé wọn kì í fi ìyà wọn hàn, wọn kì í di mọ́ ènìyàn láti tọrọ. Ìyá yìí gan-an ni. Ó máa ń wọ aṣọ mímọ́ wá sí àṣàlátù, ó sì máa ń fi owó tirẹ̀ sínú igbá sàráà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa ní hádíìsì àwọn ènìyàn méje tí Ọlọ́hun yóò fi ìbòòji Rẹ̀ bò lọ́jọ́ tí kò sí ìbòòji mìíràn, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó tọrẹ ní ìkọ̀kọ̀ títí tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò fi mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ná. Ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ mọ̀, èmi sì jẹ́ kí ènìyàn 112 mọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa, tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, tù mí nínú lórí fóònù, ó ní kí n má jẹ́ kí ó dùn mí jù, pé ìyá náà kò jalè, kò ṣe àgbèrè, kò sí ohun ìtìjú nínú kí ènìyàn ṣe aláìní, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ kò ní nǹkan tó ń bò. Mo ní “Ẹ ṣé, sà.” Mi ò lè jiyàn pẹ̀lú àgbà lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, ó sì mú mi padà sí hádíìsì kan tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré, tí mi ò fara balẹ̀ rò ó rí.

Sahl ọmọ Sa'd, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, ló gbà á wá, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim. Ọkùnrin kan fi ojú ihò wo inú yàrá Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Òòyà irin kan wà lọ́wọ́ Ànábì tó fi ń họ orí. Nígbà tó mọ̀ pé ọkùnrin náà ń wo òun, ó ní ká ní òun ti mọ̀ ni, òun ì bá fi òòyà náà gún un lójú. Ó ní ojú ni wọ́n torí rẹ̀ ní kí á máa gba àyè kí á tó wọlé.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni Ànábì ń ṣe nínú yàrá náà? Ó ń họ orí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀, gbogbo ọmọ aráyé ló ń họ orí. Síbẹ̀, bí ìbínú rẹ̀ ti tó nìyẹn. Nítorí náà kì í ṣe ẹni tó ń ṣe ibi nìkan ni ilẹ̀kùn wà fún. Ẹni tó ń họ orí náà ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀kùn, aláìní náà ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹ sì tún wò ó: Ànábì kò sọ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ ní kí á gba àyè. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kò wọ yàrá. Ojú ni ó wọ̀ ọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti wọlé ti wọlé. Bí a bá ti gba èyí, kí ni ìyàtọ̀ ihò ara ògiri sí ojú fóònù tí mo ṣí sílẹ̀ fún ènìyàn 112?

Àwa Yorùbá ti mọ èyí láti ilé. Ọmọ tí a bá kọ́ kì í já wọ ilé onílé. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní “Àgò onílé o,” á sì dúró títí wọn yóò fi dá a lóhùn pé “Àgò yà.” Nígbà tí mo ka Súrà An-Nur, áyà 27 àti 28, pé kí á má wọ ilé tí kì í ṣe tiwa títí a ó fi gba àyè, tí a ó sì sálámọ̀ sí àwọn ará ilé, pé bí wọ́n bá ní kí á padà, kí á padà, ìyẹn ló mọ́ jù fún wa, ó dà bíi pé màmá mi ló ń sọ̀rọ̀.

Zaria ni wọ́n ti tọ́ mi, ní Sabon Gari. Bí wọ́n bá rán èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní iṣẹ́ lọ sí ilé Hausa kan ní Tudun Wada, èmi a kọjá lọ bá àwọn ìyá nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi a dúró sí zaure, yàrá àbáwọlé tí àlejò ọkùnrin kì í kọjá. Láti ibẹ̀ ni yóò ti sálámọ̀. Bó bá sálámọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹnì kankan kò dáhùn, yóò padà sílé pẹ̀lú abọ́ tí wọ́n fi rán an, kò sì sí ẹni tó máa bá a wí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni hádíìsì Abu Musa sọ ọ́: ìgbà mẹ́ta, bí wọn kò bá fún ọ láyè, padà. Wọ́n tún gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abdullah ọmọ Busr pé Ànábì fúnra rẹ̀, bó bá dé ẹnu ọ̀nà ènìyàn, kì í kọjú sí ilẹ̀kùn tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tàbí òsì ni í dúró sí, nítorí pé aṣọ ìkélé kì í sí lẹ́nu ọ̀nà láyé ìgbà náà.

Fóònù mi kò ní zaure. Ẹni tí mo bá pín ojú rẹ̀ fún, inú yàrá ni mo mú un wọ̀ tààrà. Yàrá náà kì í sì í ṣe tèmi nìkan, ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyí. Gbogbo ẹni tó ń gba sàká lọ́wọ́ wa ló kó àṣírí rẹ̀ síbẹ̀. Àbúrò mi tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò dùn wà níbẹ̀. Ẹni tó yá mi lówó wà níbẹ̀, ẹni tí mo yá lówó wà níbẹ̀. Mo lè sọ pé “Àgò yà” lórí ohun tó jẹ́ tèmi. Lórí tiwọn, mi ò ní ẹnu tí mo fi lè sọ ọ́. Nígbà tí a bá ní kí ẹnì kan pín ojú fóònù rẹ̀ ní ìpàdé, òun nìkan la rò pé a ń gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ẹni tó ti finú hàn án rí ni ilẹ̀kùn wọn ń ṣí.

Jabir gba hádíìsì kan wá tó wà nínú Abu Dawud àti Tirmidhi: bí ènìyàn bá bá ọ sọ̀rọ̀, tó sì wo ẹ̀yìn wo ẹ̀gbẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti di amánà lọ́wọ́ rẹ. Kò dìgbà tó bá sọ pé má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá yìí kò lè wo ẹ̀yìn wo ẹ̀gbẹ́ lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n mo ti padà wo àkókò tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́: aago mọ́kànlá alẹ́, aago méjìlá ku díẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Bó ṣe ń wo ẹ̀yìn nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ rí i lọ́jọ́ náà, ojú yín kò ṣẹ̀. Jarir ọmọ Abdullah bi Ànábì léèrè nípa ojú tó ṣèèṣì rí ohun tí kò yẹ, Ànábì sì ní kó yí ojú rẹ̀ kúrò. Obìnrin ni ọ̀rọ̀ ìgbà náà dá lé, àwọn Ààfáà wa ló mọ bó ṣe gbòòrò tó, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀kọ́ tiwa níbẹ̀: ẹni tó yí ojú kúrò ti bọ́. Ẹni tó tẹ ojú fóònù rẹ̀ láti ya àwòrán rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ojú tó ṣèèṣì mọ́. Ọwọ́ ló ṣe é, làákáyè ló rán ọwọ́. Súrà Al-Hujurat, áyà 12, ní kí á má ṣe tọpinpin, kí á má sì sọ̀rọ̀ ẹnìkejì lẹ́yìn, nínú áyà kan náà tó ti fi èyí wé jíjẹ ẹran ara ọmọ ìyá ẹni tó ti kú. Àwọn bàbá wa pàápàá ní kì í ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìka kún ẹnu.

Àwọn oníjìbìtì mọ iyì ojú fóònù jù wá lọ. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023 tí WhatsApp ti ń jẹ́ kí ènìyàn pín ojú fóònù nínú ìpè onífídíò, wọ́n ń pe àwọn àgbà, wọ́n ń pe ara wọn ní òṣìṣẹ́ báńkì, wọ́n á ní kí bàbá pín ojú fóònù kí àwọn lè bá a tún ákáǹtì rẹ̀ ṣe. Bó bá pín in, wọn kò béèrè nọ́ńbà ìdánilójú tí báńkì fi ránṣẹ́ mọ́. Wọ́n kàn ń kà á bó ṣe ń wọlé. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn òbí wa ní àṣàlátù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò kan àpò sàká rárá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ lórí rẹ̀. Ilé kéú àwọn ọmọ wa lórí Zoom ni.

Áyà 58 nínú Súrà An-Nur dárúkọ ìgbà mẹ́ta láàárín ọjọ́ tí àwọn ọmọdé tí kò tíì bàlágà àti àwọn tó ń sìn nínú ilé gbọdọ̀ gba àyè kí wọ́n tó wọlé bá àwọn àgbà: kí á tó kírun àsùbá, ọ̀sán gangan tí ènìyàn ti bọ́ aṣọ sílẹ̀, àti lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Aora mẹ́ta, ìgbà mẹ́ta tí ara ènìyàn lè wà láìbò, ni Ọlọ́hun pè wọ́n. Ẹ rántí pé ọmọ inú ilé ni áyà náà ń sọ, ẹni tó ń wọlé tó ń jáde láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ wá mú ìwé àkókò ẹ̀kọ́ wa wò. Aago márùn-ún ìdájí ni kíláàsì àkọ́kọ́. Ọ̀sán Sátidé ni ìkejì. Lẹ́yìn ìṣáì ni àtúnyẹ̀wò. Ìgbà mẹ́ta náà gẹ́lẹ́ la mú, a sì ní kí gbogbo ọmọ tan kámẹ́rà kí olùkọ́ lè mọ̀ pé wọn kò sùn.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Àwọn òbí ń sáré jáde láàárọ̀ kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ gòsílóò, àwọn ọmọ ń lọ ilé ẹ̀kọ́, kò sí àkókò mìíràn. Ṣùgbọ́n yàrá kan ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Mo jókòó ti ọmọ mi níbi ẹ̀kọ́ ìdájí lọ́jọ́ kan, mo rí ìyá kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọmọ tirẹ̀ pẹ̀lú ìró lásán láyà, garawa omi àlùwàlá lọ́wọ́. Ó rí i pé kámẹ́rà ń wò ó. Ó ju garawa sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì kí a má baà rí i. Ó wà níbẹ̀ títí ẹ̀kọ́ fi parí. Omi ti dà sílẹ̀, ìrun àsùbá sì ti ń lọ. Nínú ilé rẹ̀ ni o.

Olùkọ́ lè gbọ́ ohùn ọmọ láìrí yàrá wọn. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ń tẹ̀ lé e, kí ọmọ yí kámẹ́rà sí Kùránì tó wà níwájú rẹ̀, kó máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń kà á. Àwa náà fi ìka tọ wàláà kàwé, a sì mọ̀ ọ́n kà. Arábìnrin tó bá ní òun kò tan kámẹ́rà, ẹ má bi í ní ìdí. Ó ní kí á padà. Áyà 28 ní kí á padà.

Mi ò sọ pé kí á pa ìpàdé orí fóònù tì. Nígbà tí ìjọba sé Abuja mọ́lé láti 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, tí ààwẹ̀ sì bá wa nílé, ohùn àwọn Ààfáà wa lórí fóònù ló gbé èmi àti àwọn ọmọ mi ró. Àwọn ará wa tó ń gbé Mararaba kò lè máa wá sí Kubwa lóru. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju bí a ó ṣe kọ́ zaure síbẹ̀ lọ.

Zoom sì ní zaure tirẹ̀, àwa la ń ṣí i sílẹ̀. Ibi ìdúró kan wà tí ẹni tó tẹ líǹkì yóò dúró sí títí ẹni tó pe ìpàdé yóò fi gbà á wọlé. Ẹ jẹ́ ká tan án, kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ máa wo orúkọ. Ibì kan náà wà tí wọ́n ti ń pàṣẹ pé ẹni tó pe ìpàdé nìkan ló lè pín ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kí ó má jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ ni tirẹ̀ á kàn yọ.

Kí ẹgbẹ́ ra kọ̀ǹpútà kan, kódà kó jẹ́ tòkunbọ̀, tí kò ní WhatsApp ẹnikẹ́ni nínú, tí kò ní báńkì ẹnikẹ́ni nínú, tó jẹ́ ìwé ìpàdé nìkan ló wà nínú rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, Zoom máa ń béèrè bóyá gbogbo ojú rẹ̀ lo fẹ́ pín ni, tàbí ìwé kan ṣoṣo tó wà ní ṣíṣí. Ìwé kan ṣoṣo ni kí á máa mú. Bó bá di dandan kí á fi fóònù ṣe é, ẹ má rò pé pípa ohùn fóònù ti tó, bí èmi ti rò. Ohùn nìyẹn pa, kò pa ojú. Àtẹ̀jíṣẹ́ á ṣì máa yọ lókè láìpariwo. Inú ààtò fóònù ni kí ẹ lọ, kí ẹ pa ìfitónilétí WhatsApp àti ti báńkì fúnra wọn kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti sọ fún mi pé fóònù tó bá ń lo Android 15, tó jáde lọ́dún 2024, máa ń fi ọ̀rọ̀ inú àtẹ̀jíṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá ń pín ojú rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀, fóònù ọ̀pọ̀ nínú yín náà kò tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí Android tó lè gba ìyá náà lọ́wọ́ ìka mi tó ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti àpò sàká, iye owó ni ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti rí. Ojú ẹni tó gbà á kò sí nínú ẹ̀tọ́ náà. Kí a fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí orúkọ wọn wà nínú ìwé kan tí a fi ọwọ́ kọ, lọ́wọ́ Ìyá Àdínnì àti ẹnì kan ṣoṣo mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí a gba ìpàdé kankan sílẹ̀ láìjẹ́ pé a ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì gbà. Fídíò ìpàdé ọjọ́ yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, nítorí pé ọ̀dọ́kùnrin tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sí Ìlọrin. Mo ń ka iye ènìyàn tó ti wò ó lójoojúmọ́.

Ìjọba náà ní ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ènìyàn, ilé rẹ̀, ìwé tó ń kọ àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ẹ̀sìn ènìyàn mọ́ ohun ẹlẹgẹ́, ó sì fún ẹni tó ń tọ́jú dátà ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ Nigeria Data Protection Commission létí bí dátà bá jò lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára. Abuja níbí ni àjọ náà wà. Mi ò fi ìjọba dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n yóò dùn mí bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù òfin ọdún 2023 ló máa kọ́ àwa tí a ní Súrà An-Nur lọ́wọ́.

Ó ku àwọn àwòrán náà. Mo mọ̀ pé aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. A ò lè kó gbogbo rẹ̀ padà. Síbẹ̀, mo bẹ Alága wa kí ẹ fi ohùn ara yín ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ ní kí ẹni tó bá ní in pa á rẹ́. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní ara mi ni mò ń gbèjà. Bí ẹ̀yin bá sọ ọ́, wọ́n á gbọ́. Ànábì ní ẹni tó bá bo àṣírí Mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá pa á rẹ́ nítorí ohùn yín, ti onítọ̀hún àti ti yín ni.

Bí ẹ bá ní kí n fi àpò sàká lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, mi ò ní bínú. Ìwé ìṣirò wà nílẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò dín.

Kí n tó dìde kúrò lọ́dọ̀ ìyá náà lọ́jọ́ tí mo lọ bá a, mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe tìtorí mi dákẹ́ bí nǹkan bá tún le. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Alhaja, bí mo bá tún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín lóru, ta ló máa kà á?”

Mi ò rí èsì fún un. Mo sọ fún un pé mo máa padà wá lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

Wassalam.

Ọmọ yín àti arábìnrin yín,
Ẹni tó ń tọ́jú àpò sàká,
Kubwa, Abuja